Wọ́n ti dènà ásímà lára èkúté: ṣé kí n dá ínhélà ọmọ mi dúró?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ní ásímà. Dókítà ní kó máa fa ínhélà búráùn láàárọ̀ àti lálẹ́, kó sì máa fa aláwọ̀ búlúù nígbà tí àyà bá há a. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi fi ìròyìn kan ránṣẹ́ sí mi pé àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti rí oògùn tó dènà ásímà pátápátá lára èkúté. Ó ní kí n dá steroid inú ínhélà búráùn yẹn, ìyẹn oògùn tó ń mú kí wíwú rọlẹ̀, dúró, kí n máa retí ojúlówó oògùn. Ṣé òótọ́ ni ìròyìn náà? Bó bá jẹ́ òótọ́, kí ló dé tí a kò tíì rí i rà? Ìyá ọmọ, láti Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti mí hẹlẹhẹlẹ mọ́jú rí ló mọ ohun tó ń mú èèyàn wá oògùn kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì láàárín òru. Torí náà mi ò ní fi yín dúró: ẹ má dá ínhélà búráùn náà dúró. Ẹ jẹ́ kó máa fà á bí dókítà ṣe sọ, kí ẹ tó ka ìyókù ọ̀rọ̀ mi.

Ìyókù náà gùn díẹ̀, torí ìròyìn tí àbúrò yín fi ránṣẹ́ lè jẹ́ òótọ́ pọ́nńbélé. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún tí àwọn onímọ̀ ti ń fi oògùn dáàbò bo ọ̀nà èémí ẹranko, ó sì ń bọ́ sí i fún wọn. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo oògùn tó gba ẹranko là bẹ́ẹ̀, díẹ̀ ló dé ọ̀dọ̀ èèyàn tó sì ṣiṣẹ́. Mo ti pẹ́ nídìí ẹ̀kọ́ oògùn, ohun tí mo sì máa ń kọ́kọ́ wá nínú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ni aago. Ìgbà wo ni wọ́n fún ẹranko náà ní oògùn? Ṣé kí ohun tó ń bí ẹ̀dọ̀fóró nínú tó dé ni, àbí lẹ́yìn tó ti dé tó ti ba ibẹ̀ jẹ́? Ọ̀pọ̀ ohun tó rú yín lójú wà nínú ìdáhùn yẹn.

Ọ̀nà èémí ẹni tó ní ásímà, tí àwọn àgbà ń pè ní ikọ́ fèé, jẹ́ onínúfùfù. Èéfín ìdáná, ọyẹ́ òwúrọ̀, eré bọ́ọ̀lù, ẹ̀rín àríntàkìtì, ohun tí ọmọ mìíràn kò ní kà sí rárá, ni tiẹ̀ á torí rẹ̀ fún pọ̀. Àwọn dókítà ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń wọn inú fùfù yìí. Wọ́n á ní kí èèyàn fa èròjà kan tó ń jẹ́ methacholine símú, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti orí bíńtín, wọ́n á máa fi kún un, wọ́n á sì máa wo ibi tí ọ̀nà èémí ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í fún. Ẹni tí ara rẹ̀ le á fa púpọ̀ kó tó mọ̀ ọ́n lára. Alásímà, ìwọ̀nba bíńtín ti tó láti há a láyà.

Inú fùfù náà kì í dúró sójú kan. Lọ́dún 1977, Donald Cockcroft àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà fi hàn pé bí alásímà bá fa ohun tí ara rẹ̀ ń kọ̀ símú, ọ̀nà èémí rẹ̀ á tún bínú sí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìbínú yẹn á sì kan ohun tí kò mọwọ́mẹsẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé: láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ogún lẹ́yìn tó fa nǹkan náà, àyà á há, á sì rọlẹ̀ bí wákàtí kan tàbí méjì bá kọjá. Ìjà àkọ́kọ́ nìyẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn á sì rò pé ó ti tán. Lára àwọn kan, á tún padà wá lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta sí mẹ́jọ, ìpadàbọ̀ yìí ló sì ń bá inú fùfù ọlọ́jọ́ gbọọrọ rìn. Ọmọ tó bá wọn gbá yàrá eléruku lọ́jọ́ Sátidé lè máa mí hẹlẹ lórí pápá ilé ìwé lọ́jọ́ Ajé, kí olùkọ́ sì máa dá bọ́ọ̀lù lẹ́bi. Inú fùfù àfikún tí eruku Sátidé fi sílẹ̀ yẹn ni àwọn olùwádìí ń fẹ́ dènà lára ẹranko.

Ẹ jẹ́ ká wá lọ sí láàbù. Èkúté kì í ní ásímà fúnra rẹ̀, wọ́n ń fi ṣe é ni. Wọ́n á mú purotéènì inú funfun ẹyin, wọ́n á pò ó mọ́ èròjà kan tó jẹ́ ìbátan álọ́ọ̀mù tí a fi ń mú omi tòrò, wọ́n á gún un sí èkúté níkùn, wọ́n á sì tún un gún lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà yẹn, ara rẹ̀ á ti ka funfun ẹyin sí ọ̀tá. Wọ́n á wá sọ purotéènì kan náà di ìkùukùu tí á máa fà símú fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ̀dọ̀fóró á wú, irú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan tó ń jẹ́ eosinophil á ya bò ó, methacholine díẹ̀ á sì ti máa fún un lọ́nà èémí pọ̀. Láàárín oṣù kan péré, èkúté tó ń sáré kiri ti di alásímà.

Ibo wá ni oògùn ti wọlé? Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ irú ìwádìí yìí, kí ìkùukùu àkọ́kọ́ tó dé ni wọ́n ti ń fún èkúté ní oògùn, tàbí láàárín ọjọ́ ìkùukùu náà. Ẹni tó ti ilẹ̀kùn kí olè tó dé ti ṣe iṣẹ́ rere, àmọ́ iṣẹ́ ẹni tó jí bá olè nínú yàrá yàtọ̀. Ọmọ yín, olè ti wà nínú yàrá rẹ̀ ọjọ́ ti pẹ́. Oògùn tó mọ ilẹ̀kùn tì lè má mọ bí wọ́n ṣe ń lé olè jáde. Nítorí náà nígbà tí ìròyìn bá sọ pé oògùn kan "dènà" ásímà lára èkúté, ẹ gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ bó ṣe wà: ó dènà rẹ̀, lára ẹranko tí kò tíì ní i.

Nǹkan mìíràn tún wà. Bí wọ́n bá ń bá ìkùukùu funfun ẹyin lọ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ara ọ̀pọ̀ èkúté á gba kámú, wíwú náà á sì máa lọ sílẹ̀ láìsí oògùn kankan. Ti ọmọ èèyàn kò rí bẹ́ẹ̀, eruku ilé ń wọ̀ ọ́ lára lójoojúmọ́, ara rẹ̀ kò sì gba kámú. Ìdí rèé tí ọ̀pọ̀ láàbù fi ń fi ẹyin sílẹ̀ tí wọ́n ń lo kòkòrò tíntìntín inú eruku ibùsùn, tí wọ́n lè kán sí èkúté nímú láìgún un ní abẹ́rẹ́ rárá. Ìyẹn sún mọ́ ilé wa díẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń wọn èémí èkúté pàápàá ti dá àríyànjiyàn ńlá sílẹ̀. Ọ̀nà kan wà tí wọ́n kàn ń fi èkúté sínú àpótí, tí wọ́n á máa ka bí afẹ́fẹ́ inú àpótí ṣe ń yí padà bó ṣe ń mí, wọ́n á sì pe iye tó bá jáde ní Penh. Ó rọrùn, ó yá, ọ̀pọ̀ ìwé ìwádìí sì ti inú rẹ̀ jáde, kó tó di pé àwọn onímọ̀ nípa èémí fárí gá pé iye yẹn kò sọ bóyá ọ̀nà èémí fún tàbí kò fún. Èrò tèmi kò yàtọ̀ sí tiwọn. Bí mo bá rí ìwádìí tó gbé gbogbo ẹ̀rí rẹ̀ ka orí Penh nìkan, mo máa ń fọwọ́ rọra mú un.

Ṣùgbọ́n èkúté kọ́ ló kọ́kọ́ ṣi àwọn onímọ̀ lọ́nà. Ẹranko kékeré kan wà tí òyìnbó ń pè ní guinea pig, tó dà bí òkété tí kò ní ìrù. Lọ́dún 1910, Auer àti Lewis ní ìlú New York rí i pé bí wọ́n bá ti kọ́ ara guinea pig láti kórìíra purotéènì kan, tí wọ́n sì tún fún un ní purotéènì náà, ọ̀nà èémí rẹ̀ á fún pinpin, á sì kú láàárín ìṣẹ́jú. Lọ́dún kan náà, Henry Dale àti Laidlaw nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé iṣẹ́ èròjà kan tó ń jẹ́ histamine, tó lè pa guinea pig lọ́nà kan náà. Ọ̀ràn náà wá dà bí èyí tó ti yanjú: histamine ni ọ̀daràn, ká wá oògùn tó máa dè é lọ́wọ́. Daniel Bovet àti Anne-Marie Staub rí irú oògùn bẹ́ẹ̀ ní ìlú Paris lọ́dún 1937. Ó gba guinea pig là. Ọ̀pọ̀ oògùn mìíràn tẹ̀ lé e, Bovet sì gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1957.

Ẹ mọ ìdílé oògùn yìí dáadáa, ìyá wa. Piriton tí wọ́n ń tà ní gbogbo ilé oògùn jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ó ń mú kí ara yíyún rọlẹ̀, ó ń gbẹ ọ̀fìnkìn, ó sì ń múni sùn. Àmọ́ ta ló fi Piriton dá ásímà dúró rí? Ara guinea pig ló fa àṣìṣe náà: iṣan tó yí ọ̀nà èémí rẹ̀ ká ń gbọ́ ohùn histamine ju ohùn gbogbo èròjà yòókù lọ. Ẹni tó bá pa histamine lẹ́nu mọ́ ti gba ẹranko yẹn là. Nínú ẹ̀dọ̀fóró èèyàn, àwọn mìíràn ń pariwo pẹ̀lú rẹ̀, bí ọ̀kan bá sì dákẹ́, àwọn yòókù kò ní dákẹ́.

Mi ò sọ èyí láti fi bú ẹranko náà o. Nínú ẹ̀dọ̀fóró guinea pig kan náà ni Feldberg àti Kellaway ní Ọsirélíà ti rí èròjà kejì lọ́dún 1938, èyí tó ń fún iṣan pọ̀ díẹ̀díẹ̀ tí kì í sì í tètè tú u sílẹ̀. Ó tó ogójì ọdún kí Bengt Samuelsson ní Sweden tó tú àṣírí ohun tó jẹ́, tí wọ́n sì sọ ọ́ ní leukotriene lọ́dún 1979. Láti inú ìmọ̀ yẹn ni montelukast ti jáde, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lọ́dún 1998, tí àwọn ọmọ alásímà kan nílẹ̀ wa sì ń jẹ lálaalẹ́. Ẹranko kan ṣoṣo ló purọ́ fún wa tó sì sọ òótọ́ fún wa, láàárín ọgọ́ta ọdún.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti Roger Altounyan, nítorí mi ò lè sọ̀rọ̀ lórí ọ̀ràn yìí kí n fo orúkọ rẹ̀. Ìlú Aleppo ní Síríà ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1922, ó di dókítà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun fúnra rẹ̀ sì ní ásímà. Ilé iṣẹ́ oògùn tó wà ń ṣiṣẹ́ lórí àwọn èròjà tó fara jọ khellin, èyí tó ń ti inú ewéko kan tí àwọn ará Íjíbítì ti ń lò látijọ́ wá. Altounyan kò gbà pé guinea pig lè sọ oògùn tó máa wo èèyàn sàn. Ohun tó wá ṣe ni pé ó yí ipò padà. Ara rẹ̀ kọ irun guinea pig, torí náà ó ń po èépá irun ẹranko náà mọ́ omi, ó ń fà á símú títí àyà á fi há a, ó sì ń wò ó bóyá èròjà tí òun kọ́kọ́ fà símú dáàbò bo òun. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lọ́dún 1965, ó bá cromoglycate pàdé, oògùn tó dènà ìjà àkọ́kọ́, ó dènà ìpadàbọ̀, ó sì dènà inú fùfù àfikún. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbìyànjú ohun tó ṣe yìí o, ó léwu púpọ̀. Ẹ ṣáà kíyè sí i pé aago tún wà nínú ìtàn yẹn: cromoglycate gbọ́dọ̀ ti wà nínú ẹ̀dọ̀fóró ṣáájú. Ẹni tí àyà ti há kò rí ìrànwọ́ kankan nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ẹranko pọ̀ sí i. Ní Miami, William Abraham lo àgùntàn. Ara àwọn àgùntàn kan ti kórìíra aràn inú ẹlẹ́dẹ̀ láti ilẹ̀ wá, aràn tó jẹ́ ìbátan èyí tí ń gbé inú àwọn ọmọ wa. Bí wọ́n bá fi omi aràn náà ṣe ìkùukùu fún wọn, wọ́n ní ìjà àkọ́kọ́, àwọn kan ní ìpadàbọ̀ lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, ọ̀nà èémí wọn á sì bínú lọ́jọ́ kejì, bí ti èèyàn gẹ́lẹ́. Mo fẹ́ràn àgùntàn ju èkúté lọ nínú iṣẹ́ yìí, torí a lè dán oògùn wò lára ẹyọ kan ṣoṣo lónìí, ká tún dán an wò láìlo oògùn lóṣù tó ń bọ̀, ká fi ara rẹ̀ wé ara rẹ̀.

Ní Baltimore, Allison Fryer àti David Jacoby padà sọ́dọ̀ guinea pig pẹ̀lú ìbéèrè mìíràn. Okùn kan wà tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ọ̀nà èémí pé kó fún, ó sì ní bíréèkì tirẹ̀ tí kì í jẹ́ kí àṣẹ náà pọ̀ jù. Wọ́n rí i pé purotéènì kan tí eosinophil ń tú jáde ló ń lẹ̀ mọ́ bíréèkì náà tí kì í jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1997, wọ́n fún ẹranko ní antibody, irú èròjà tí ara fi ń gbá ọ̀tá mú, èyí tó ń gbá purotéènì yẹn mú, bíréèkì sì wà digbí. Iṣẹ́ tó dùn mọ́ mi gan-an ni. Ẹ bi mí pé ìgbà wo ni wọ́n fún un: ṣáájú ni.

Ti èròjà kan tó ń jẹ́ PAF kò gba àlàyé púpọ̀. Ní nǹkan bí 1986 gbogbo ayé rò pé òun ni olórí ọ̀ràn, àwọn oògùn tó ń dè é dáàbò bo ẹranko dáadáa, nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ alásímà wọn kò ṣe nǹkan kan tó jọni lójú.

Èyí tó kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ jù ni ti interleukin-5, tí a máa ń gé kúrú sí IL-5. Òun ni ìránṣẹ́ tó ń pe eosinophil jáde láti inú mùdùnmúdùn egungun. Lọ́dún 1995, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà fún àwọn ọ̀bọ tí ara wọn kórìíra aràn ẹlẹ́dẹ̀ ní antibody tó ń dá IL-5 dúró: eosinophil kò wá, inú fùfù kò wá. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Paul Foster àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ọsirélíà lo èkúté tí wọn kò ní IL-5 lára rárá, àbájáde kan náà ni wọ́n rí. Ọ̀bọ sọ bẹ́ẹ̀, èkúté sọ bẹ́ẹ̀, guinea pig náà ti sọ bẹ́ẹ̀ ṣáájú wọn. Ta ló máa ṣiyèméjì?

Lọ́dún 2000, wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ èèyàn. Ìwọ̀nba àwọn tí ásímà wọn kò le gba antibody náà, wọ́n sì fa ohun tí ara wọn ń kọ̀ símú. Eosinophil inú ẹ̀jẹ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Oògùn náà ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Àmọ́ àyà há wọn lẹ́yìn wákàtí mélòó kan bíi ti tẹ́lẹ̀, inú fùfù sì wà níbẹ̀ digbí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ka oògùn náà sí òkú.

Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà ni àwọn dókítà kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Kánádà tún un dán wò, wọ́n sì yí ìbéèrè padà. Wọ́n yan àwọn tí eosinophil wọn kì í lọ sílẹ̀ láìka steroid sí, àwọn tí ásímà ń gbé ṣubú léraléra lọ́dún. Nínú ìwádìí ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó gba oògùn ṣubú ní ìwọ̀n ìgbà méjì lọ́dún, àwọn tí kò gbà á ṣubú ní 3.4. Ìtura ńlá nìyẹn fún ẹni tí ó máa ń lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ ní ọsibítù. Inú fùfù tí wọ́n fi methacholine wọ̀n kò yí padà. Mepolizumab lorúkọ oògùn náà, Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i lọ́dún 2015. Ẹ ò rí i bí? Ẹranko ṣèlérí ohun kan, oògùn náà kò mú un ṣẹ, ó wá ṣe ohun mìíràn tí ẹranko kankan kò lè fi hàn wá, nítorí kò sí èkúté tó ti ní ásímà fún ogún ọdún.

Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú IL-13, ìránṣẹ́ mìíràn nínú ìdílé IL-5. Lọ́dún 1998, ẹgbẹ́ olùwádìí méjì ní Amẹ́ríkà fi hàn lára èkúté pé bí a bá dá IL-13 nìkan dúró, inú fùfù kò ní wá. Àwọn oògùn tó ń dá òun nìkan dúró lára èèyàn já kulẹ̀ nínú ìdánwò ńlá tàbí kí wọ́n ṣe ségesège. Ẹnu ọ̀nà kan wà tí IL-13 àti IL-4 jọ ń gbà wọlé sára sẹ́ẹ̀lì, oògùn tó ti ẹnu ọ̀nà yẹn pa fún àwọn méjèèjì, dupilumab, ló wá ṣiṣẹ́. Wọ́n fọwọ́ sí i fún ásímà ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2018, àti fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà sí mọ́kànlá lọ́dún 2021. Torí náà, oògùn tó ti ọ̀dọ̀ èkúté bẹ̀rẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lóòótọ́, lẹ́yìn ogún ọdún ó lé mẹ́ta. Abẹ́rẹ́ ni, àwọn tí ásímà wọn le gan-an tí ínhélà kò ká mọ́ ni wọ́n sì ń fún.

Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi tí mo ń lọ. Bí ẹ bá lè rí ojúlówó ìwé ìwádìí tí ìròyìn àbúrò yín ti jáde, ẹ wo àwòrán inú rẹ̀. Ẹ máa rí òpó kan fún èkúté tí ara rẹ̀ dá, òpó kan fún èyí tí kò rí oògùn, òpó kan fún oògùn tuntun. Lọ́pọ̀ ìgbà, òpó mìíràn máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n kọ dexamethasone sí. Steroid ni dexamethasone. Òun ni wọ́n fi ń ṣe òṣùwọ̀n: bí oògùn tuntun bá ṣe bí i tirẹ̀, inú wọn á dùn. Ìdílé oògùn tí àbúrò yín ní kí ẹ jù nù ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá èyí tí ẹ ń retí dára.

Ti steroid tí à ń fà símú kò sì dúró lára èkúté. Lọ́dún 1987, Cockcroft tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan mú oògùn inú ínhélà méjèèjì tó wà lọ́wọ́ ọmọ yín, wọ́n sì dán wọn wò lára alásímà tó fẹ́ fa ohun tí ara rẹ̀ ń kọ̀ símú. Salbutamol, tó wà nínú ti aláwọ̀ búlúù, dá ìjà àkọ́kọ́ dúró, kò sì rí nǹkan ṣe sí ìpadàbọ̀ àti inú fùfù àfikún. Beclomethasone, irú oògùn tó máa ń wà nínú ti búráùn, kò dá ìjà àkọ́kọ́ dúró, ó dá ìpadàbọ̀ àti inú fùfù àfikún dúró. Ẹ rí i pé ohun tí ìròyìn yẹn ń pariwo pé wọ́n ṣe lára èkúté, wọ́n ti ṣe é lára èèyàn kí ọmọ yín tó dáyé, oògùn náà sì wà lórí tábìlì yín. Ẹni tó bá jù ú nù tó wá gbára lé aláwọ̀ búlúù nìkan tún ń fi kún ewu: lọ́dún 1993, Cockcroft fi hàn pé lílo salbutamol déédéé fún ọ̀sẹ̀ méjì ń mú kí ọ̀nà èémí túbọ̀ bínú sí ohun tí ara ń kọ̀. Láti ọdún 2019 ni ìlànà àgbáyé lórí ásímà ti ní kí a má ṣe fi aláwọ̀ búlúù nìkan tọ́jú àgbàlagbà tàbí ọ̀dọ́ mọ́, láìsí steroid tí à ń fà símú.

Mi ò ní parọ́ fún yín pé ó ń lé olè jáde títí láé. Wọ́n ti dán ìyẹn wò ní Amẹ́ríkà, nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2006: ọmọ 285, ọmọ ọdún méjì sí mẹ́ta tí ewu ásímà wà fún, apá kan wọn fa steroid fún ọdún méjì. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń fà á, ara wọn le ju ti àwọn yòókù lọ. Ní ọdún kẹta tí wọ́n dá a dúró, ìyàtọ̀ pòórá. Kọ́kọ́rọ́ tí à ń fi ti ilẹ̀kùn ní alaalẹ́ ni, a kì í sì í tì í lóṣù yìí fún oṣù tó ń bọ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ gíga ọmọ náà lè wà lára ohun tó ń kó ọkàn yín sókè. Àwọn ọmọ tí wọ́n lo budesonide, irú steroid kan náà, nínú ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà, fi 1.2 cm kúrú sí àwọn ẹgbẹ́ wọn nígbà tí wọ́n dàgbà. Ó wà lóòótọ́, ó sì kéré. Èémí ọmọ ṣe pàtàkì jù ú lọ fún mi.

Ohun tí ẹ lè ṣe nìyí. Ẹ jẹ́ kó máa fi spacer, ike oníhò tí wọ́n ń fi sẹ́nu ínhélà, fa ínhélà náà, kó sì máa yọ omi sẹ́nu dà nù lẹ́yìn rẹ̀, kí funfun má bàa hù sí i lẹ́nu. Bí ara rẹ̀ bá le dáadáa fún odindi oṣù mẹ́ta, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá ó lè dín ìwọ̀n rẹ̀ kù. Òun ni kó dín in kù, kì í ṣe ẹ̀yin tàbí àbúrò yín. Bó bá sì ń nílò aláwọ̀ búlúù ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́sẹ̀, tàbí tó ń jí lóru torí èémí, ẹ má dúró de ọjọ́ àdéhùn, ẹ gbé e lọ bá dókítà pẹ̀lú ínhélà méjèèjì lọ́wọ́, kó fà wọ́n níwájú rẹ̀ kí wọ́n lè wo bó ṣe ń fà wọ́n.